Ìdí tí omi gbígbóná fi ń mú ẹ̀jẹ̀ wọ fóòmù lára

Tí ọyẹ́ bá ti wọ̀ ní Ìlọrin níbí, kì í pẹ́ tí imú àwọn ọmọ fi máa ń ṣẹ̀jẹ̀ lóru, ká má tíì wá sọ ti nǹkan oṣù tó bá dé láìròtẹ́lẹ̀, kò sílé tí ẹ̀jẹ̀ ò lè kan fóòmù. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa sì máa ń sáré ṣe ni ká gbé omi kaná, torí a ti gbà pé kò sí ìdọ̀tí tí omi gbígbóná ò ká. Tó bá jẹ́ epo ni, ó dáa. Ẹ̀jẹ̀ kọ́ o.

Pùrótéènì ló fà á. Ẹ̀jẹ̀ kún fún un, kódà hemoglobin tó jẹ́ kó pupa gan-an, pùrótéènì tó ní irin nínú ni. Tí ibi tó wà bá tutù, ńṣe ni pùrótéènì yẹn ká jọ sára ẹ̀, omi á lè tú u, á sì gbé e lọ. Àmọ́ tí ooru bá ti tó nǹkan bíi 60 dígíríì sókè, ibi tó ká jọ á tú, wọ́n á wá máa lẹ̀ mọ́ra wọn, wọ́n á tún lẹ̀ mọ́ òwú aṣọ, ó tán nìyẹn, omi ò ní rí wọn tú mọ́. Òun ni wọ́n ń pè ní denaturation. Ẹ wo funfun ẹyin tó ti jiná, ta ló lè fi omi tútù sọ ọ́ di olómi padà?

Torí náà omi tó tutù gan-an ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ má sì kàn lọ ṣí ẹ̀rọ o, torí omi táǹkì orí òrùlé lọ́sàn-án oṣù kẹta ní Tanke ń gbóná lọ́wọ́, omi kànga dáa jù ú lọ, tàbí píọ́wọ̀tà inú fíríìjì. Ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ ki aṣọ funfun bọ̀ ọ́, ẹ fún un, kẹ́ ẹ wá máa fi tẹ ojú ẹ̀jẹ̀ náà láti etí wá sí àárín. Ẹ má fọ̀ ọ́ gbàràgbàrà, ńṣe lẹ máa tì í wọnú. Ẹ má sì da omi lé e lórí, torí fóòmù máa ń fa omi mu, ẹ̀jẹ̀ á tẹ̀lé e wọlẹ̀, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Tí kì í bá ṣe ẹ̀jẹ̀ ará ilé yín, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tàbí kẹ́ ẹ fi ọ̀rá bọ ọwọ́.

Èyí tó bá ti gbẹ ńkọ́? Ẹ béèrè hydrogen peroxide ní kẹ́mísì, oní 3%, inú ìgò dúdú ló máa ń wà torí ìmọ́lẹ̀ máa ń bà á jẹ́. Tẹ́ ẹ bá kán an sí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ẹ má bẹ̀rù. Ẹ̀jẹ̀ ní nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní catalase, òun ló ń pín peroxide náà sí omi àti afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, híhó yẹn á máa gbé ẹ̀jẹ̀ sókè, peroxide fúnra ẹ̀ á sì máa pa àwọ̀ ẹ̀. Tó bá ti rọlẹ̀, ẹ nù ún, kẹ́ ẹ tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ó lè mú aṣọ aláwọ̀ ṣá, ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní kọ̀rọ̀.

Ti Hypo, ìyẹn bílíìṣì, ni mi ò fara mọ́ rárá. Fóòmù ọmọdé máa ń ní ìtọ̀ nínú, tí bílíìṣì bá sì pàdé ìtọ̀, èéfín tó ń jáde níbẹ̀ léwu, ẹ má tún wá dà á pọ̀ mọ́ peroxide.

Oòrùn ló kẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá gbé e síta nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀, ooru á tún mú un lẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ àsìkò òjò ní Ọ̀fà, ẹ fi fóòmù ti ògiri, kẹ́ ẹ tan fáànù sí i, kẹ́ ẹ tó tẹ́ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ dáadáa, torí òkè lè ti gbẹ kí inú ṣì tutù.