Orin kọ́ ló pa olórin

Ní Ìjẹ̀bú níbí, bí olórin kan bá kú ní rèwerèwe, kì í pẹ́ tí ẹnìkan á fi ní, "Ṣé ẹ gbọ́ èyí tó kọ gbẹ̀yìn? Ó ti rí i." Ẹlòmíràn á ní ẹnu ara rẹ̀ ló fi pè é. Dagrin, olórin ráàpù, ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí. Ó kọ "If I Die", orin nípa ikú ara rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2010, mọ́tò rẹ̀ lọ kọlu tírélà tó dúró ní Muṣin, ó sì kú sílé ìwòsàn lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ni orin náà bá gba ìgboro.

Ó bani lẹ́rù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n olórin wo nílẹ̀ yìí ni kò mẹ́nu ba ikú rí? Ikú Ọ̀gágun Murtala Muhammed ni Salawa Abeni fi ṣe àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1976, ó sì wà láàyè. Irú èyí pọ̀ jáǹrẹrẹ, a kì í kà wọ́n. Ẹyọ kan tó bá ṣe kòńgẹ́ ikú la máa ń rántí.

Haruna Ishola, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó wa, ni n ó fi ṣàlàyé. Ní 1948, ó ṣe àwo kan fún Ọba Adéboyè, Orímolúsì. Kò tà. Lẹ́yìn tí kábíyèsí wàjà, ó tún un kọ ní 1955, àwo náà sì sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Olórin kan náà, ọba kan náà. Ọkàn àwọn tó ń rà á ló yàtọ̀: wọ́n ń ṣọ̀fọ̀, wọ́n sì ń wá ohun tí wọn á fi rántí ọba wọn. Haruna fúnra rẹ̀ kọrin títí ó fi lé ní ọgọ́ta ọdún kó tó kú ní 1983.

Ẹ yà sí Ìbàdàn Garage ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ tí ìròyìn ikú olórin bá jáde. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn tó ń kó orin sí mẹ́mírì káàdì ti ṣa gbogbo orin olóògbé jọ sójú kan. Èyí tó dárúkọ ikú ló máa ṣíwájú lórí sípíkà, torí òun ni oníbàárà ń béèrè. Ẹni tí kò gbọ́ ọ rí á gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹwàá, gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ á sì máa dún bí àsọtẹ́lẹ̀ létí rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni l'Ámẹ́ríkà. Ọjọ́ kẹwàá oṣù kejìlá 1967 ni bàálù gbé Otis Redding, olórin ibẹ̀, já. Orin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, nípa ọkùnrin tó jókòó létí omi tó ń wo ọkọ̀ ojú omi, ló gba ipò kìíní ní 1968. Hank Williams, olórin ibẹ̀ mìíràn, ní tirẹ̀ ti kọ ọ́ lórin pé òun kò ní jáde láyé yìí láàyè. Ó kú lọ́jọ́ kìíní ọdún 1953. Ẹni ọdún 29 ni, ṣùgbọ́n ọtí àti oògùn ti ba ara rẹ̀ jẹ́ tipẹ́.

Ohun tó ń dùn mí ni pé "ó ti rí i" yìí kì í jẹ́ ká wádìí ohun tó pa èèyàn. Bí a bá ti ní orin ló fà á, ta ni yóò bi onítírélà léèrè ohun tó ń ṣe lójú títì? Láti Ṣàgámù dé Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n ṣì ń dúró bẹ́ẹ̀ lóru, àwọn míì kò níná lẹ́yìn, ewé tútù lásán ni wọ́n já sílẹ̀ fún àmì.