Kí ni ìran tí wọ́n gé kúrò nínú fíìmù, kí ló sì dé tí wọ́n fi ń gé e?

Bí ẹ bá ra DVD fíìmù, ẹ lè rí ibì kan lórí rẹ̀ tí wọ́n kọ Deleted Scenes sí. Ohun tó wà níbẹ̀ ni àwọn ìran tí òṣèré ti ṣe, tí kámẹ́rà ti gbà sílẹ̀, ṣùgbọ́n tí olùdarí àti olóòtú fíìmù yọ kúrò kí iṣẹ́ náà tó dé sinimá. Kì í ṣe ibi tí òṣèré ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ tàbí tí ẹ̀rín ti gbé e lójijì o; ìyẹn kò fìgbà kan wà lára ìtàn. Èyí tí à ń sọ yìí, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé eré, wọ́n ran aṣọ fún un, wọ́n náwó nára sí i, kí wọ́n tó wá yọ ọ́ kúrò.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo wọn jẹ́ ti The Two Towers, apá kejì nínú The Lord of the Rings tí Peter Jackson darí, tó dé sinimá ní oṣù Kejìlá ọdún 2002. Boromir, jagunjagun kan láti ilẹ̀ Gondor, ti kú ní òpin apá kìíní. Nínú ìran tí wọ́n gé yìí, Faramir àbúrò rẹ̀ rántí ọjọ́ kan tí inú àwọn méjèèjì dùn. Ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ ogun Gondor gba ìlú Osgiliath padà lọ́wọ́ ọ̀tá. Boromir, tí Sean Bean ṣe, dúró sókè, ó bá àwọn ọmọ ogun sọ̀rọ̀, gbogbo wọn hó yèè. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dì mọ́ àbúrò rẹ̀, wọ́n jọ mutí, ó ní kó má gbàgbé ọjọ́ òní láéláé. Àfi bí wọ́n ṣe rí bàbá wọn lọ́ọ̀ọ́kán, tí ẹ̀rín kúrò lójú wọn.

Denethor, adelé ọba Gondor, ni bàbá náà. John Noble ló ṣe é. Ó gbá Boromir mọ́ra, ó ń yìn ín pé òun nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ogun náà ṣẹ́. Boromir ní rárá, Faramir náà jà. Bàbá fèsì pé bí kì í bá ṣe ti Faramir, ìlú náà ì bá má tilẹ̀ bàjẹ́. Ojú ọmọ náà ló ṣe sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló pe Boromir sí kọ̀rọ̀, ó ní kó lọ sí ìlú Rivendell kó lọ mú òrùka alágbára tí gbogbo ìtàn náà dá lé lórí wá fún òun. Boromir kò fẹ́ lọ. Faramir ní kí bàbá rán òun dípò ẹ̀gbọ́n òun. Ìgbà yẹn ni Denethor fi í ṣe yẹ̀yẹ́: ó ní àṣé àyè rèé fún Faramir, balógun Gondor, láti fi irú ẹni tó jẹ́ hàn. Ó ní rárá o, ẹni tí kò ní já òun kulẹ̀ lòun máa rán.

Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn. Nínú fíìmù tó dé sinimá, nígbà tí Faramir rí òrùka náà lọ́rùn Frodo, ẹni tó ń gbé e lọ kó lè pa á run, gbólóhùn yìí gan-an ló jáde lẹ́nu rẹ̀: àyè rèé fún Faramir, balógun Gondor, láti fi irú ẹni tó jẹ́ hàn. Ẹni tí kò rí ìran tí wọ́n gé yóò rò pé ojúkòkòrò ló ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó rí i yóò mọ̀ pé èébú bàbá ni ọmọ ń tún sọ, pé ó ti ń dùn ún látọjọ́ yẹn. Nínú ìwé Tolkien tí wọ́n fi ṣe fíìmù náà, Faramir kì í ṣe ẹni tí òrùka tàn jẹ, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé fi bínú sí fíìmù náà. Ìran yìí ni ìdáhùn fún wọn, òun náà ni wọ́n sì yọ.

Kí ló wá fà á? Àkókò ni olórí ìdí. Fíìmù yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé wákàtí mẹ́ta kódà láìsí ìran yìí, bí fíìmù bá sì ti gùn jù, iye ìgbà tí sinimá lè gbé e sójú àwòrán lóòjọ́ yóò dín kù. Ìdí kejì ni ìṣísẹ̀ ìtàn. Ìtàn mẹ́ta ló ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà nínú The Two Towers, bí wọ́n bá sì dúró láàárín rẹ̀ láti rántí ọjọ́ tó ti kọjá, òǹwòran lè sọ okùn nù. Yàtọ̀ sí èyí, nínú àwọn fíìmù tó dé sinimá, apá kẹta la tó kọ́kọ́ rí Denethor. Àwọn ìdí wọ̀nyí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Síbẹ̀, lójú tèmi, gígé tó pọ́n dandan kọ́ nìyí: ìran ìjà kan tàbí méjì ì bá ti lọ dípò rẹ̀.

Ohun mìíràn wà tó yẹ kí ẹ mọ̀. Nígbà tí wọ́n bá ti fẹnu kò lórí ohun tó máa wà nínú fíìmù ni wọ́n máa ń parí iṣẹ́ orin àti ti kọ̀ǹpútà sí i. Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ ìran tí wọ́n gé fi máa ń rí bí iṣẹ́ àbọ̀: kò sí orin, ohùn kò já gaara, aṣọ aláwọ̀ ewé tó yẹ kí wọ́n fi àwòrán kọ̀ǹpútà rọ́pò ṣì wà lẹ́yìn òṣèré. Ti Osgiliath kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2003, wọ́n gbé ẹ̀dà tó gùn jáde lórí DVD, ó fi ohun tó lé ní 40 ìṣẹ́jú ju ti sinimá lọ, Howard Shore sì kọ orin tuntun sí i. Àárín ìtàn gan-an ni wọ́n dá ìran náà padà sí, wọn kò tò ó sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ìran ikú Saruman, oṣó burúkú inú ìtàn náà, nínú apá kẹta. Wọ́n gé e ní 2003, inú Christopher Lee tó ṣe Saruman kò sì dùn sí i rárá. Ọdún 2004 ló padà wá lórí DVD. Bí ẹ bá fẹ́ rí ìran méjèèjì, ẹ̀dà tí wọ́n kọ Extended Edition sí lára ni kí ẹ wá.