Kò sí odò epo lábẹ́ ilẹ̀

Bí ọ̀rọ̀ epo bá ti ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹnì kan á ṣáà sọ ọ́: "Odò ńlá ló wà lábẹ́ ilẹ̀ Niger Delta. Ọjọ́ tí wọ́n bá fà á gbẹ, gbogbo ìlú á jìn sínú ihò." Èmi náà gbà á gbọ́ títí mo fi dàgbà. Ohun tó bá ń ṣàn, ṣebí odò la mọ̀ ọ́n mọ́.

Inú òkúta gan-an ni epo rọ̀bì àti gáàsì wà. Ẹ bu iyanrìn gbígbẹ kún ife dé ẹnu, kí ẹ wá rọra máa da omi sí i. Ife tó ti kún yẹn á tún gba omi tó bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ kó tó máa dà sílẹ̀. Àlàfo tín-ín-tìn-tín tó wà láàárín iyanrìn lomi ń wọ̀. Àmù ìyá àgbà tó máa ń làágùn lẹ́yìn, ohun kan náà ni. Ní Oloibiri, níbi tí wọ́n ti kan epo lọ́dún 1956, iyanrìn tó ti di òkúta ló gbé epo mọ́ra, amọ̀ tó dì gbagidi ló sì dé e lórí tí kò fi sá lọ. Ní Agbabu, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ẹ ò tiẹ̀ nílò àlàyé: ojú lásán lẹ ó fi rí ọ̀dà dúdú tó lẹ̀ mọ́ iyanrìn.

Tí wọ́n bá wá fa epo tán ńkọ́? Òkúta ṣì wà níbẹ̀. Omi inú ilẹ̀ ló sábà máa ń rọ́ wọ ibi tí epo fi sílẹ̀.

Àmọ́ o, àwọn tó ń bẹ̀rù pé ilẹ̀ á rì kò jẹ̀bi tán. Ní Long Beach, ní California, epo tí wọ́n fà ní ibi ìwakùsà epo tí wọ́n ń pè ní Wilmington mú kí ibì kan rì tó ẹsẹ̀ bàtà 29. Kì í ṣe pé ihò ya; òkúta ìsàlẹ̀ ló ń fún pọ̀ díẹ̀díẹ̀, ọdún lórí ọdún. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ ti omi padà sínú rẹ̀ ni rírì náà tó dáwọ́ dúró.

Òkúta tí wọ́n ti fa gáàsì inú rẹ̀ tún ṣeé fi gáàsì pamọ́ sí. Ọ̀kan wà lábẹ́ Òkun Àríwá lẹ́bàá Yorkshire, Rough lorúkọ rẹ̀. Láti 1985 títí di 2017 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi máa ń ti gáàsì wọ inú rẹ̀ nígbà ooru, kí wọ́n lè fà á jáde nígbà òtútù.

Ihò gidi náà wà ṣá. Ní Texas àti Louisiana, ìjọba Amẹ́ríkà fi omi yọ́ iyọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ títí ó fi di ihò gbàǹgbà, wọ́n sì tọ́jú epo rọ̀bì síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí adágún epo lábẹ́ ilẹ̀, ibẹ̀ ni kó wá a lọ: ènìyàn ló gbẹ́ ihò náà, ènìyàn náà ló sì da epo sí i.