Ìwé Tó Ń Pinnu Ìbò Ààrẹ ní Kẹ́ńyà

Ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Form 34A ni ìdìbò ààrẹ Kẹ́ńyà rọ̀ mọ́. Nígbà tí ìdìbò bá parí ní ibùdó kan, tí òfin kò sì gbà kí olùdìbò tó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ ju 700 lọ, ọ̀gá ibùdó náà yóò tú àpótí ìbò níwájú àwọn aṣojú olùdíje, yóò ka ìbò náà, yóò kọ iye tí olúkúlùkù ní sínú ìwé yìí, òun àtàwọn aṣojú yóò sì fọwọ́ sí i. Wọ́n á lẹ ẹ̀dà kan mọ́ ẹnu ọ̀nà kí ará àdúgbò lè kà á. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi yẹ ìka àwọn olùdìbò wò láàárọ̀ ni wọ́n tún máa fi ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí Nairobi, olú ìlú Kẹ́ńyà, ìwé gan-an yóò sì lọ sí ẹkùn ìdìbò.

Ẹkùn ìdìbò 290 ló wà. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni wọ́n ti ń kó àwọn Form 34A jọ sínú Form 34B, kí àjọ elétò ìdìbò, IEBC, tó wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú Form 34C. Lọ́dún 2017, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn dájọ́ pé iye tí wọ́n bá kéde ní ẹkùn ìdìbò kò ṣeé yí padà ní Nairobi. Ìdájọ́ ńlá ni, nítorí iye tí wọ́n kéde ní Nairobi lọ́dún 2007 kò bá ti àwọn ẹkùn kan mu, wọ́n sì búra fún Mwai Kibaki gẹ́gẹ́ bí ààrẹ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá. Ènìyàn tó lé ní 1,100 ló kú nínú rògbòdìyàn tó tẹ̀ lé e, ọ̀kẹ́ àìmọye sì sá kúrò nílé.

Ìwé òfin ọdún 2010 wá sọ pé ẹni tó bá máa wọlé gbọ́dọ̀ ní ju ìdajì gbogbo ìbò lọ, kó sì ní ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní káńtì (ìpínlẹ̀ Kẹ́ńyà) 24 nínú 47. Bí kò bá sí ẹni tó ní in, àwọn méjì tó ṣíwájú yóò tún ìdíje ṣe. Àjọ náà ní ọjọ́ méje láti kéde èsì, ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn ní ọjọ́ méje láti pẹjọ́, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì gbọ́dọ̀ dájọ́ láàárín ọjọ́ 14. Àkókò yìí kéré gan-an fún ẹjọ́ tó lè kan ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé, àmọ́ kò jẹ́ kí orílẹ̀-èdè wà láìní olórí fún ìgbà pípẹ́.

Lóṣù Kẹjọ ọdún 2017, wọ́n kéde pé Uhuru Kenyatta ló wọlé kí gbogbo Form 34A tó dé ọwọ́ àjọ náà. Raila Odinga, tó bá a díje, pẹjọ́. Ilé ẹjọ́ ní kí àjọ náà jẹ́ kí wọ́n yẹ kọ̀ǹpútà tó gba èsì wò, àmọ́ àjọ náà kò ṣe é tán. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án, àwọn adájọ́ mẹ́rin nínú mẹ́fà, tí Adájọ́ Àgbà David Maraga ṣáájú wọn, wọ́gi lé ìbò náà. Wọ́n tún un dì ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá, ṣùgbọ́n Odinga kọ̀ láti kópa, Kenyatta sì wọlé.

Lọ́dún 2022, àjọ náà gbé Form 34A láti ibùdó tó lé ní 46,000 sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹnikẹ́ni lè kà á, àwọn ilé iṣẹ́ ìròyìn sì ń ro ó fúnra wọn. Alága Wafula Chebukati kéde pé William Ruto ló wọlé pẹ̀lú ìdá 50.49 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí Odinga ní 48.85. Kọmíṣọ́nnà mẹ́rin nínú méje tí àjọ náà ní sọ ní gbangba pé àwọn kò fara mọ́ èsì náà, èyí tó dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn tó rántí 2007. Ilé ẹjọ́ fi ìwé tó wà lọ́wọ́ wé àwòrán tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì rí ìyàtọ̀ gidi láàárín wọn; gbogbo adájọ́ méjèèje fọwọ́ sí i pé Ruto ló wọlé. Wọ́n tún sọ ọ́ pé gbogbo àjọ náà ló ni iṣẹ́ yíyẹ èsì wò àti ríro ó pọ̀, pé kò tọ́ sí alága nìkan.