Yíyan sọ́kẹ́ẹ̀tì àti púlọ́ọ̀gì fún ìsọ̀ káfíńtà inú ilé

Ara ẹ̀rọ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ara ògiri. Ẹ̀rọ káfíńtà máa ń ní páànù tàbí bébà kékeré kan lára tí wọ́n kọ fóòtì, Hz (iye ìgbà tí iná ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kan), wáàtì tàbí HP (agbára mọ́tò), àti áńpù sí. Áńpù yìí ló ń sọ irú sọ́kẹ́ẹ̀tì tó yẹ ẹ̀rọ náà, bí wáyà tó ń bọ̀ síbẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó, àti irú bírékà tó máa ṣọ́ ọ. Bí wọn kò bá kọ áńpù, ẹ fi 230 pín wáàtì rẹ̀, nítorí fóòtì 230 ni iná Nàìjíríà. Rọ́tà 1,200 wáàtì ń fa áńpù 5 lé díẹ̀, ayùn ọlọ́wọ́ 1,400 wáàtì ń fa bíi 6. HP kò gba ìṣirò yìí tààrà. Òótọ́ ni pé 746 wáàtì ni 1 HP, àmọ́ iṣẹ́ tí mọ́tò ń gbé jáde ni wọ́n fi ń wọ̀n, kì í ṣe iná tó ń jẹ. Mọ́tò 2 HP lè máa jẹ áńpù 10 sí 12, 3 HP sì lè jẹ 15 sí 18.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò mẹ́ta pẹlẹbẹ tó wà nínú ilé wa, áńpù 13 ló lè gbé, ìyẹn nǹkan bíi 3,000 wáàtì. Ìlànà Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1947 ni, orúkọ rẹ̀ ni BS 1363, ó sì tó fún dírílì, rọ́tà, sándà, ayùn ọlọ́wọ́ àti ọ̀pọ̀ ayùn orí tábìlì kékeré. Fíúsì inú púlọ́ọ̀gì rẹ̀ wà láti dáàbò bo wáyà tó lọ sára ẹ̀rọ. Pupa ni ti áńpù 3, àwọ̀ ilẹ̀ (búráùn) ni ti 13. Wáyà tín-ín-rín tí a fi fíúsì 13 ṣọ́ lè jóná kí fíúsì tó já. Èyí tó burú jù ni fíúsì tó ti já tí wọ́n fi bébà fàdákà inú páálí sìgá wé: kò sí ohun tó ń ṣọ́ wáyà yẹn mọ́.

Nígbà tí mọ́tò ayùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde, iná tó ń fà fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì lè tó ìlọ́po 5 sí 7 èyí tó ń jẹ nígbà tó bá ti ń sáré. Ìdí nìyẹn tí bírékà ilé kan fi máa ń já bí ayùn bá ti bẹ̀rẹ̀, tí ríwáyà á sì fẹ́ fi èyí tó tóbi ju wáyà lọ rọ́pò rẹ̀. Ẹ má gbà. Bírékà oníru B máa ń já lójú ẹsẹ̀ bí iná bá tó ìlọ́po 3 sí 5 áńpù tí wọ́n kọ sára rẹ̀, oníru C bí ó bá tó ìlọ́po 5 sí 10. Oníru C ló yẹ mọ́tò, áńpù rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju èyí tí wáyà lè gbé. Wáyà 2.5 mm² tó lọ tààrà láti bọ́ọ̀dù (àpótí tí àwọn bírékà wà) sí sọ́kẹ́ẹ̀tì ń gba bírékà áńpù 20.

Ẹ̀rọ tó bá ju áńpù 13 lọ kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé. Àwọn kan ń lo sọ́kẹ́ẹ̀tì áńpù 15 ẹlẹ́sẹ̀ róbótó, èyí tí wọ́n ń fi tan A.C. Kò burú, bí a bá rántí pé púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kò ní fíúsì, nítorí náà bírékà nìkan ló ń ṣọ́ ọ. Èyí tó dára jù ní ìsọ̀ ni púlọ́ọ̀gì búlúù alágbára, ti áńpù 16 tàbí 32. Ó ní ìdérí tí kì í jẹ́ kí lẹ́búlẹ́bú pákó wọlé, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kì í yọ bí ẹnìkan bá kọ lu wáyà, irin inú rẹ̀ sì ń di ẹsẹ̀ mú dáadáa. Ó wọ́n ju tàwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n bí owó bá wà fún ohun kan péré, ẹ fà wáyà kan ṣoṣo láti bọ́ọ̀dù wá fún ayùn ńlá, kí ẹ sì fi búlúù sí ìparí rẹ̀. Pupa wà fún iná onífésì mẹ́ta, yẹ́lò fún fóòtì 110.

Àwọ̀ yẹ́lò yìí ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń ra tòkunbọ̀. Níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé ní Ìlú Ọba, fóòtì 110 ni wọ́n ń lò nítorí ààbò, láti inú tiransifọ́mà tí kò jẹ́ kí iná tó ju fóòtì 55 lọ wà láàárín wáyà kan àti ilẹ̀. Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń dé ọjà wa. Bí ẹnìkan bá gé púlọ́ọ̀gì yẹ́lò náà, tó fi ti 13 sí i, mọ́tò á jó.

Àwọn ará wa tó wà ní Amẹ́ríkà náà ń fi irinṣẹ́ ránṣẹ́ wálé, fóòtì 120 sì ni tiwọn, ní 60 Hz. Tiransifọ́mà lè sọ 230 di 120, ṣùgbọ́n kò lè yí 50 Hz wa padà. Ẹ̀rọ tó ní kábọ̀n nínú, irú bí dírílì àti rọ́tà, kò ka Hz sí. Mọ́tò ńlá tí kò ní kábọ̀n, tó sábà máa ń wà nínú ayùn orí tábìlì, á máa sáré ní ìdá 5 nínú 6 iyára rẹ̀, á sì máa gbóná sí i. Bí irú ayùn bẹ́ẹ̀ bá kọ 60 Hz nìkan sára, kò yẹ ní rírà.

Ẹ̀rọ láti Jámánì tàbí Faransé ló ń dá wàhálà jù. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì róbótó ló ń bá wá, ẹ̀gbẹ́ tàbí iwájú rẹ̀ sì ni ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ (ọ̀nà tí iná tó bá ṣì ń gbà lọ sínú ilẹ̀) wà, níbi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì tiwa kò lè fi kàn án. Ẹsẹ̀ ẹ́ẹ̀tì púlọ́ọ̀gì wa gùn ju méjì tó kù lọ. Òun ló kọ́kọ́ ń wọlé, òun ló sì ń ṣí ìlẹ̀kùn kékeré tó bo ihò iná. Ọ̀pọ̀ ń ki báírò tàbí sukudiráfà bọ ihò òkè kí ìlẹ̀kùn náà lè ṣí, wọ́n á wá ti ẹsẹ̀ méjì náà wọlé. Ẹ̀rọ á ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n láìsí ẹ́ẹ̀tì, àti pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí kò dì. Ẹ gé púlọ́ọ̀gì yẹn, kí ẹ fi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sí i: wáyà búráùn ni láìfù (èyí tí iná ń gbà wọlé), búlúù ni níútírà (èyí tó ń gbà padà), ewé pẹ̀lú yẹ́lò ni ẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ tí àmì onígun mẹ́rin nínú onígun mẹ́rin wà lára rẹ̀ nìkan ni kò nílò ẹ́ẹ̀tì.

Ẹ́ẹ̀tì sì gbọ́dọ̀ dé ilẹ̀ ní tòótọ́. Wáyà tó parí sẹ́yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí kò lọ sára ọ̀pá kọ́pà tí a rì mọ́lẹ̀, kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ilẹ̀ gbígbẹ kì í gba iná dáadáa, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ ibi tí omi ń ṣàn sí ló yẹ ọ̀pá náà. Kí ẹ tún fi RCD 30 mA, irú swíìṣì kan tó ń já bí iná bá ń yọ́ lọ sínú ilẹ̀, sí bọ́ọ̀dù. Bí iná bá ń gba ara ènìyàn lọ sílẹ̀, ó máa ń gé e kí ó tó pa á.

Àwọn tó ń pín iná, tí a ṣì ń pè ní NEPA, ń mú iná lọ, wọ́n sì ń mú un dé láìsọ tẹ́lẹ̀. Bí ayùn bá wà lórí nígbà tí iná lọ, tí ọwọ́ ẹni wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ rẹ̀ nígbà tó dé, swíìṣì ara sọ́kẹ́ẹ̀tì kò lè ṣe nǹkan kan. Swíìṣì tó ń já fúnra rẹ̀ bí iná bá lọ, tí a ní láti tẹ̀ kí ẹ̀rọ tó tún dìde, ló yẹ kó wà lára gbogbo ayùn orí tábìlì àti ìfági oníná. Bí a bá fẹ́ pààrọ̀ abẹ, púlọ́ọ̀gì ni ká yọ, nítorí náà kí sọ́kẹ́ẹ̀tì wà níbi tí ọwọ́ lè dé láìkọjá lórí abẹ.

Ẹ gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì ga ju tábìlì iṣẹ́ lọ, kí pákó tí a fi ti ògiri má baà fọ́ ọ. Ẹkitẹ́ńṣàn ni ká yẹra fún. Wáyà 1.5 mm² tó gùn tó mítà 30 ń jẹ fóòtì bíi 9 bí ẹ̀rọ bá ń fa áńpù 10, iná wa tó ti rẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀ á wá túbọ̀ rẹlẹ̀, mọ́tò á máa gbóná. Bí ó bá di dandan, ẹ tú gbogbo rẹ̀ kúrò lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó tan ẹ̀rọ.

Lẹ́yìn iṣẹ́ gígùn, ẹ pa swíìṣì, kí ẹ fọwọ́ kan púlọ́ọ̀gì náà. Bí ó bá gbóná dé ibi tí ọwọ́ kò lè dúró lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dì tàbí síkúrù inú rẹ̀ ti tú, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tún tan ẹ̀rọ yẹn títí a ó fi ṣí i wò.