Adáputà Wi-Fi USB tí kò ṣiṣẹ́ lórí Linux

Adáputà Wi-Fi USB jẹ́ ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi sí ojú ihò USB kí kọ̀ǹpútà lè máa gba Wi-Fi. Ní Èkó, ẹni tí Wi-Fi inú láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ rẹ̀ ti kú ló sábà máa ń wá a lọ sí Computer Village, ọjà tó yí òpópónà Ọ̀tígbà ká ní Ìkẹjà.

Lórí Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, orúkọ ara páálí kọ́ ló ń pinnu bóyá yóò ṣiṣẹ́; chip inú rẹ̀, ọpọlọ ẹ̀rọ náà, ni. Ẹ wo TL-WN722N ti TP-Link: AR9271 ti Atheros ló wà nínú v1 (ẹ̀dà àkọ́kọ́), driver rẹ̀ (ètò tí Linux fi ń bá chip sọ̀rọ̀), ath9k_htc, sì ti wà nínú kernel, ọkàn Linux, tipẹ́. RTL8188EUS ti Realtek ni wọ́n fi sínú v2 àti v3, ìyẹn sì ṣòro láti mú ṣiṣẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Orúkọ kan náà, ìwà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó sàn kí èèyàn gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ dání lọ sọ́jà, kó dán an wò kó tó sanwó.

Àṣẹ lsusb, tó ń ka gbogbo ohun tó wà lójú ihò USB, ló ń sọ chip tí a ní. Nínú nọ́ńbà ID tó ń gbé jáde, apá iwájú jẹ́ ti ilé iṣẹ́: 0bda ni Realtek, 148f ni Ralink, 0cf3 ni Atheros. Bí lsusb kò bá rí ẹ̀rọ náà rárá, ẹ má wulẹ̀ wá driver kiri. Ihò USB, okùn rẹ̀ tàbí adáputà fúnra rẹ̀ ló níṣòro. 0bda:1a2b ló ń dààmú èèyàn jù: adáputà Realtek ọ̀hún ń pe ara rẹ̀ ní CD tí driver Windows wà nínú rẹ̀, kò sì ní di Wi-Fi títí ètò usb_modeswitch yóò fi yí i padà.

Bí lsusb bá rí i tí Wi-Fi kò sì jáde, dmesg, àṣẹ tó ń fi ìròyìn kernel hàn, ni kí a yẹ̀ wò. Bí ó bá ní firmware (ètò tí chip fúnra rẹ̀ ń lò) kò sí, a ó gbé e wọlé, bíi firmware-realtek lórí Debian, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà Linux. Láti Debian 12, tó jáde ní 2023, ni irú firmware bẹ́ẹ̀ ti ń bá a wá láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ driver ni kò sí, kernel tuntun ló yẹ ká kọ́kọ́ wá: RTL8821CU àti RTL8822BU wọ kernel 6.2 ní 2023, RTL8812AU sì wọ 6.14 ní 2025. Driver tí a fi DKMS (irinṣẹ́ tó ń tún driver kọ́ fún kernel kọ̀ọ̀kan) kọ́ fúnra wa ń fẹ́ headers (fáìlì ìkọ́lé) kernel tí a ń lò, Secure Boot, ààbò tó ń yẹ ètò wò nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń tan, sì lè kọ̀ ọ́ bí a kò bá fọwọ́ sí i.

Fóònù ni a lè fi gba dátà tí a ó fi ṣe gbogbo èyí: a ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, a ó sì tan USB tethering. Linux yóò kà á sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì oníwáyà.

Èyí tó ń ṣiṣẹ́ àmọ́ tó ń já lemọ́lemọ́ lè jẹ́ ẹjọ́ powersave, ìfiná-pamọ́ adáputà; wifi.powersave = 2 nínú NetworkManager, ètò tó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ló ń pa powersave náà. Ihò USB 3.0 pẹ̀lú máa ń da ìgbì 2.4 GHz rú, nítorí náà okùn USB kúkúrú tó gbé adáputà jìnnà díẹ̀ sí kọ̀ǹpútà lè tó.