Ọrùn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: ríra gìtá oníná tòkúnbọ̀

Ẹni tó bá ń wá gìtá oníná tòkúnbọ̀ ní Abẹ́òkúta, orúkọ tó wà lórí rẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ nà sí i: "Fender rèé o, ojúlówó!" Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Orúkọ ṣeé lẹ̀ mọ́ igi, ọ̀dà náà ṣeé tún kùn. Ọrùn ló ń sọ gìtá olówó pọ́ọ́kú di gbèsè.

Ẹ gbé e sókè, ẹ di ojú kan, kí ẹ wo ọrùn náà láti ìdí dé orí bí káfíńtà ṣe ń wo pákó. Bó bá lọ́, tí apá kan ga ju èkejì lọ, ẹ dá a padà fún wọn. Bó bá kàn tẹ̀ díẹ̀, ìyẹn kò burú. Ẹ tẹ okùn tó nípọn jù mọ́ fret (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn) àkọ́kọ́ àti èyí tó kẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ wo àlàfo tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní fret keje. Ó yẹ kó gba bébà méjì tàbí mẹ́ta, ìyẹn bíi mílímítà 0.2 sí 0.3. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, irin inú ọrùn, truss rod, ni wọ́n ń yí, kò sì gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin yíyípo lẹ́ẹ̀kan. Ẹ rí i pé ojú ibi tí Allen key tí wọ́n fi ń yí i ń wọ̀ kò tíì bó. Bó bá ti bó, kò sẹ́ni tó máa bá yín tún un ṣe lówó kékeré.

Ẹ yí i padà, kí ẹ fi èékánná wá ẹ̀yìn ibi tí orí ti pàdé ọrùn. Gìtá tí orí rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn, bíi Les Paul ti Gibson, ibẹ̀ ló ti máa ń kán bó bá ṣubú. Èyí tí wọ́n lẹ̀ dáadáa ṣì lè dún fún ọdún púpọ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ gbọdọ̀ wálẹ̀ gan-an.

Ti iná inú rẹ̀ kò le. Bí volume bá ń ha nígbà tí ẹ ń yí i, eruku ni. Contact cleaner lẹ máa fín sí i, kì í ṣe òróró. Bí ohùn bá ń já, ihò tí wáyà ń wọ̀ ló sábà máa ń fà á, ẹni tó ń tún rédíò ṣe lè fi òjé jó o. Bí píkọ́ọ̀pù kan, ìyẹn ohun tó ń gba ohùn lábẹ́ okùn, kò bá dún, ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n: single-coil, èyí tí wáyà kíká inú rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, sábà máa ń fi kilo-ohm 5 sí 7 hàn, humbucker, èyí tó ní méjì, 7 sí 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Bí mítà kò bá fi nǹkan kan hàn, wáyà ti já níbì kan.

Àmúpù ló yẹ kó bà yín lẹ́rù. Ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Èyí tó ti Amẹ́ríkà wá sábà máa ń jẹ́ 120V. Bí ẹ bá kì í bọ iná wa tó jẹ́ 230V láìsí step-down tó ń dín agbára iná kù, èéfín ni. Ẹ má sì gé ẹsẹ̀ earth lára pulọ́ọ̀gì nítorí pé sọ́kẹ́ẹ̀tì kò gbà á. Okùn gìtá so mọ́ earth àmúpù. Níbi tí kò bá ti sí earth, pàápàá lórí jẹnẹrétọ̀ kékeré lóde àríyá, ẹni tó di okùn mú tí ètè rẹ̀ kan makirofóònù lè gba iná. Ariwo tó dínkù bí ẹ ṣe fọwọ́ kan okùn kò ṣe nǹkan kan. Èyí tó pọ̀ sí i ni kí ẹ tètè pa.

Bí ọyẹ́ bá mú, igi á súnkì, etí fret á sì máa gún ọwọ́. Fáìlì kékeré ń tẹ́ ẹ. Nígbà òjò, ọrùn sábà máa ń tẹ̀, okùn á ga sókè, ẹ tún fi bébà wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá ń gbà á láti Èkó ní gáréèjì Kútọ̀, kí ẹni tó ń fi ránṣẹ́ dẹ okùn rẹ̀ díẹ̀, kó fi aṣọ ká abẹ́ orí rẹ̀, kó má sì jókòó sínú búùtù tí oòrùn ń jó. Bí ẹ bá yí okùn láti 10 sí 9 tó tín-ín-rín jù ú lọ, ẹ tẹ okùn ní fret kejìlá kí ẹ gbọ́ ọ: bí ohùn rẹ̀ bá ga ju ti harmonic ibẹ̀ lọ (ohùn tó ń jáde bí ẹ bá kàn fọwọ́ kan okùn láì tẹ̀ ẹ́), ẹ fa saddle okùn náà, ìyẹn irin kékeré tí okùn gùn ní ìdí gìtá, sẹ́yìn, bó bá relẹ̀, ẹ tì í síwájú.